Dò Tí Mo Sọ Di Re ní Ọ̀nà Savalú

Irọ́ wà lẹ́nu mi, mi ò jiyàn. Èmi ni mo sọ fún gbogbo Bàǹtẹ̀ pé ìgalà kan kí mi ní èdè Faransé nínú igbó Àgúà, tí mo sì dá a lóhùn. Èmi náà ni mo ní mo gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì láti Pírà dé ilé láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi ìyẹn wá. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá pè é ní irọ́, kí òun náà lọ dúró ní ọ̀nà Savalú lọ́sàn-án gangan, kí ó wá padà wá bá mi wíjọ́. Bí ó bá padà.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má jẹ́ n tàn yín. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó sí ìsọ̀ gẹrígẹrí ní ọtí ni. Ọtí bàbá ta ni? Ọjọ́rú ni lọ́jọ́ náà. N kì í mu sódábì, ògógóró wa, lọ́jọ́rú. Ṣúkútú, ọtí ọkà bàbà, ni mo ń mu lọ́jọ́rú, ìrọ̀lẹ́ sì ni, kì í ṣe ọ̀sán.

Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi.

Nígbà tí ara wa le, àwa mẹ́ta kan wà ní Bàǹtẹ̀ yìí tí a ń ṣe orin rọ́ọ̀kì. Rọ́ọ̀kì, ẹ gbọ́ mi dáadáa, orin onígìtá líle tí àwọn ọmọ òyìnbó máa ń pariwo rẹ̀ nínú rédíò. Èmi ni mo ń ta gìtá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Okùn-Mẹ́fà títí dòní. Bẹnúà ń lu ìlù. Òun padà di olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti fẹ̀yìn tì. Ìdòwú ló ń kọrin. Ìjì Bàǹtẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín kíákíá ká máa lọ.

A kò ní ilé iṣẹ́ kankan lẹ́yìn, a kò ní ọ̀gá. A wọ kíláàsì kan tó ṣófo nígbà ìsinmi, a fi ẹní bo fèrèsé, a gbé rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì olùkọ́, a sì gba orin mẹ́jọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mẹ́rin lójú kìíní, mẹ́rin lójú kejì. Ọwọ́ ara wa la fi kọ orúkọ orin sí i lára. Nínú gbogbo èyí tí a ṣe, ẹyọ kan ló kù láyé. Inú agolo bisikíìtì ni Bẹnúà ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn la fi ń darúgbó. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí Bẹnúà bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ láti gbọ́ ọ. Orin kan lọ́sẹ̀ kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta wa ni Ràímì, ọmọ Ṣakí, tó ń ta esáǹsì, epo ọkọ̀, nínú ìgò lẹ́bàá títì. Kò sí nínú ẹgbẹ́ wa láyé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n òun ló ni rédíò, nítorí náà a kò lè lé e.

A ní òfin. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lanu. Wọn ì báà máa dáná sun ilé rẹ, jókòó. Ìgbà tí orin bá parí tí a bá tẹ ẹ̀rọ pa ni kálukú yóò sọ ohun tó gbọ́, ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ràímì nìyẹn. Bí a bá gbọ́ mẹ́jọ tán, a tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní. Orin kìíní, òdòdó kajú la kọ ọ́ fún. Nínú ìkẹta, ajá kan gbó lẹ́yìn kíláàsì, Ràímì sì gbà pé ajá yẹn mọ orin ju èmi lọ.

Ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ìkarùn-ún.

Èmi ni kì í jẹ́ ká gbọ́ ọ. Bí a bá gbọ́ ìkẹrin tán, èmi ni mo máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà, n ó yí i kọjá lọ sí ìkẹfà. Mo sọ fún Ràímì pé ibẹ̀ ti bàjẹ́. Bẹnúà mọ̀ pé irọ́ ni. Olùkọ́ ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọmọ tó ń purọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí, mo pẹ́ dé. Bí mo ṣe ń gba ẹ̀yìn ilé bọ̀ ni mo gbọ́ gìtá mi. Ìkarùn-ún ni. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ láì dúró dè mí! Mo sáré wọlé, mo la ẹnu láti pariwo, Bẹnúà gbé ìka kan sókè. Òfin. Orin ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, mo gbọ́ Ìdòwú, ohùn rẹ̀ tó dà bí omi àmù.

Orin ẹni tó ń lọ sí Savalú ni. Ó ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n bá òun rìn dé ilé ìgbẹ̀yìn ìlú kí wọ́n tó padà. Ẹ sìn mí sọ́nà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó wà nínú ìwé tí a kọ ọ́ sí nìyẹn.

Orin parí. Ràímì tẹ ẹ̀rọ pa. Ó họ irùngbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹ sin mí sọ́nà, kẹ̀? Ta ló ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó sin òun sójú títì bí òkú adìyẹ?"

"Ìṣà ni," mo ní. "Èdè tiwa ni. Bí a ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ̀yin ará Ṣakí, kí lẹ mọ̀ nínú Ìṣà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta esáǹsì fún Ìṣà. Bí wọ́n bá ní kí n sìn wọ́n sọ́nà, mo máa ń sìn wọ́n. Mi ò tíì sin ẹnì kankan."

Bẹnúà kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka fa ìlà mẹ́ta sórí erùpẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lókè, bó ṣe máa ń fà á fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. "Dò nìyí. Dò ni sìn." Ó fọwọ́ kan ti àárín. "Re nìyí. Orin sọ ọ́ di re."

"Ta ló sọ ọ́ di re?" Ràímì bi í.

"Bi Okùn-Mẹ́fà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ìṣà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: ọ̀rọ̀ ló ń fa orin, orin kì í fa ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọ̀kalẹ̀, kí orin sọ̀kalẹ̀. Nínú kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, ìgbà mẹ́ta ni Ìdòwú dá orin dúró. Ó ní, "Gìtá rẹ ń fa ọ̀rọ̀ yìí sókè. Sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ohùn kan péré." Mo ní rárá. Mo ní rọ́ọ̀kì kì í sọ̀kalẹ̀. Mo ní ta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rọ́ọ̀kì? Mo ní bí kò bá lè kọ ọ́ bí mo ṣe ta á, kí ó lọ máa kọrin fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ó wò mí. Ó fọwọ́ lu itan rẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, pá, pá, bó ṣe máa ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ó sì kọ ọ́ bí mo ṣe fẹ́.

Oṣù mẹ́ta kò pé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá a ní ọ̀nà Savalú. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ilé àwọn mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, lábẹ́ igi kajú kan, lẹ́bàá títì.

Ẹ sin mí sọ́nà. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n ṣe é fún un.

Ìyá rẹ̀ ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó wá bá mi, ó di apá mi mú, ó ní, "Kí ló dé tí ọmọ mi fi ẹnu ara rẹ̀ pe irú nǹkan báyìí?" Mo wo ojú obìnrin yẹn. Mo ní, "Mo kìlọ̀ fún un, Ìyá. Kò gbọ́." Pẹ̀lú ìyẹn ló wọ ilẹ̀ lọ. Ó kú, ó ń bínú sí ọmọ rẹ̀.

Irọ́ tí mi ò fi ṣe ẹ̀rín nìyẹn.

Nítorí náà nígbà tí Bẹnúà ní, "Sọ fún un, àbí kí n sọ ọ́?" ara mi gbóná. Mo kígbe. Mo bú Ràímì, mo bú ìgò esáǹsì rẹ̀, mo bú ṣọ́ọ̀kì tí Bẹnúà fi kọ́ ọmọ Bàǹtẹ̀ ní ìgbéraga. Mo fa kásẹ́ẹ̀tì yọ nínú ẹ̀rọ. Eyín ẹ̀rọ ti mú téèpù rẹ̀. Ó ń yọ, ó ń yọ, bí ìfun adìyẹ, mo sì ń fà á lọ, mi ò mọ ohun tó ń tì mí. Ó já.



Bẹnúà ṣa téèpù náà jọ. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "O tún pa á lẹ́ẹ̀kejì." Ó kó o lé mi lọ́wọ́. "Má padà wá síbí àfi bí ohùn rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀."

Lọ́jọ́rú, mo gun alùpùpù mi, mo lọ sí Savalú. Ọkùnrin ẹ̀yà Máhì kan wà níbẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe, tí ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gé ibì kan, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi ìka yí i. "Bàbá, mo ti so ó. Ó dín díẹ̀." Mi ò béèrè ohun tó dín. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé, mo fi kásẹ́ẹ̀tì sápò àyà, mo kọrí sílé.

Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé òru nìkan ni nǹkan ń rìn. Ẹ ò mọ nǹkan kan. Ọ̀sán tí òjìji ènìyàn bá ti wọlé sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ewé kò mì, tí alángbá kò sáré: ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rù.

N kì í dúró níbi igi kajú yẹn. Láti ọjọ́ yìí wá, bí mo bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ni mo máa ń pa ojú kan dé, tí mo máa ń fún ẹ̀rọ lọ́rùn. Lọ́jọ́ yẹn, alùpùpù kú níwájú rẹ̀ gan-an. Esáǹsì kún inú rẹ̀. Mo bú Ràímì dé Ṣakí, mo bú ẹni tó bí i.

Pá, pá.

Ẹ gbà mí gbọ́. Ọwọ́ lórí itan. Lẹ́ẹ̀méjì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lábẹ́ igi náà. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa ló wọ̀, irú èyí tí àwa mẹ́ta jọ rán, tí bọ́tìnnì kejì já lára tirẹ̀ lọ́jọ́ tí a gba orin. Bọ́tìnnì kejì kò sí níbẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ gbé mi dé iwájú."

Bàbá! Èmi tí mo fi oṣù méjì péré ju Ìdòwú lọ! Mo fẹ́ sá, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ti ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Ó ti gun ẹ̀yìn mi. Alùpùpù kò rì. Ẹ ronú ná, ènìyàn gun ẹ̀yìn alùpùpù mi tí ìjókòó rẹ̀ ti ṣẹ́, kò sì dún. Òtútù kan wọ ẹ̀yìn ọrùn mi, nínú oòrùn yẹn. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé mo fẹsẹ̀ kàn án. A ń lọ.

Ó ń fi imú kọ orin náà. Orin karùn-ún. Bó bá dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, á dákẹ́. Á tún bẹ̀rẹ̀. Á tún dákẹ́.

"Ṣé o ti tún un ṣe?" ó bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò pè mí ní Bàbá mọ́.

"Ará Savalú ti so ó."

"Mi ò bi ọ́ ní ti téèpù."

Nígbà náà ni gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́nu mi. Mo ní, ta ló ní kí o gbọ́ tèmi? Ṣé ẹnu kò sí lẹ́nu rẹ ni? O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò dára, o tún la ẹnu! Mo ti ru ẹrù rẹ láti ìgbà tí irun mi ti dúdú! Omijé ń bọ́ lójú mi, atẹ́gùn ń gbá a sẹ́tí. "Kí ló dé tí o kò kọ̀?"



"O ní kí n kọ. Mo kọ."

Kọ̀, kọ. Dò àti re náà nìyẹn. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí lulẹ̀, ẹ̀rín burúkú. Lẹ́yìn náà ló béèrè èyí tí mo ti ń retí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi.

"Kí lo sọ fún ìyá mi?"

Mo di ọwọ́ alùpùpù mú gírígírí. Mò ń wo ọ̀nà. Mo rí ilé àkọ́kọ́ Bàǹtẹ̀ níwájú, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó sún mọ́ etí ọ̀tún mi, ó sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, etí ọ̀tún mi ti kú. Gìtá ló pa á, èmi àti ariwo mi. Mo gbọ́ "ẹ". Mo gbọ́ "mí sọ́nà". Èyí tó wà láàárín, mi ò gbọ́.

Ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Hẹn. Mo gbọ́."

Ẹ̀yìn alùpùpù fúyẹ́. Kì í ṣe pé ó wúwo tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bẹnúà. A tẹ orin karùn-ún. Ìdòwú kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó dé ibẹ̀. Ẹ, ó ní. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan fò. Mí sọ́nà. Ibi tí ará Savalú gé nìyẹn. Gígùn àtàǹpàkò kan péré, ọ̀rọ̀ náà gan-an, kò gé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

A tẹ ẹ̀rọ pa. Ràímì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Sìn ni mo gbọ́ lónìí, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti dára."

Bẹnúà mi orí. "Sin ni. Bó ṣe wà náà ni."

Ó kàn mí. Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo sì sọ gbogbo rẹ̀, gìtá, kíláàsì, irọ́ tí mo pa fún ìyá. Ràímì kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù, ọmọ Ṣakí tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹnúà ní, "Àwa kọ́ lo purọ́ fún." Mo wá sọ ti ọ̀nà fún wọn, àti ti hẹn tí mo jẹ́.

Bẹnúà dìde dúró. "Èwo lo jẹ́ hẹn sí?"

Mi ò mọ̀.

Ẹ bá mi wò ó. Bó bá jẹ́ sin ló sọ, kò sí ewu. Wọ́n ti sin ín sọ́nà tipẹ́, gbèsè mi kò kọjá kí n lọ ro koríko orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ sìn, bó bá jẹ́ pé ó ti fúnra rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, dò tó jẹ́ dò, a jẹ́ pé mo ti gbà láti bá a rìn. Ibo ni ẹni tó ti kú ń lọ, tí wọ́n ń sìn ín dé? Èmi tí mo ti bínú láti ọjọ́ yìí wá nítorí pé wọ́n ní orin mi kò tọ́, èmi náà ni mo ń kúnlẹ̀ lálaalẹ́ báyìí, tí mo ń bẹ Ọlọ́run kí ó jẹ́ pé ó ṣì í kọ.

Inú ṣì ń bí mi. Sí i, sí mi, sí ohùn kan péré.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Savalú kọjá lọ́sàn-án, bí ẹnì kan bá bẹ̀ yín ní nǹkan lábẹ́ igi kajú, ẹ má sáré jẹ́ hẹn. Ẹ yí etí tó ń gbọ́ràn sí i. Ẹ ní kí ó tún un sọ, kí ó tún un sọ, títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó sọ̀kalẹ̀ tàbí kò sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọrin, ẹ gbọ́ tèmi: bí ọ̀rẹ́ yín bá ní kí gìtá sọ̀kalẹ̀, kí ó sọ̀kalẹ̀.

Orin kẹrin la gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá. Bí Bẹnúà ṣe ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà sínú agolo rẹ̀, Ràímì bojú wẹ̀yìn. Ó bi wá pé ta ló ń fọwọ́ lu itan.